Ta Ló Ń Jẹ́ Ojú Ayé?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà gbogbo lẹ́tà tí a fi ń dà yín láàmú. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí wọ́n ti fi gbogbo ẹnu bú àwa alága ìjókòó àti alága ìdúró pé àwa la sọ ìdána di ọjà, pé à ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó bí ẹni ń gba owó ibodè, àti pé bí kì í bá ṣe ariwo tiwa ni, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ì bá ti ní ìyàwó nílé. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe alága ìjókòó n'Ìbàdàn àti àwọn ìlú tó yí i ká, n kò sì ní purọ́ pé ọwọ́ mi mọ́. Òótọ́ ni pé bí a bá gbé owó orí wá, a máa ń gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, a ó sì dá a padà fún ìdílé ọkọ pẹ̀lú ìlù àti orin, nítorí pé ọmọ wa kì í ṣe títà. Òótọ́ sì tún ni pé kí a tó dá a padà, a ti gba owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé, owó ìṣílẹ̀kùn àti owó kíka lẹ́tà, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó tí a fi ń sọ pé a kò ta ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju iye tí à bá tà á lọ. Mo gba ẹ̀bi mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ni bàbá yẹn bú, wọn kò kan ọ̀gá lára. Ọ̀gá tó ń rán gbogbo wa níṣẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni Ojú Ayé.

Kò sí ilé tí mo wọ̀ láti ṣètò ìdána tí wọn kì í ti dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó fún mi lómi mu. Bí mo bá bi ìyá ìyàwó pé kí ló dé tí wọ́n fi ń wá màlúù méjì fún igba ènìyàn, wọn á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Alága, nítorí ojú ayé ni." Bí mo bá bi bàbá ìyàwó pé ṣé wọ́n ti san owó ilé-ìwé àbúrò ìyàwó kí wọ́n tó gba gbọ̀ngàn yìí, wọn á wo òkè, wọn á wo ilẹ̀, wọn á ní àwọn mọ ohun tí mò ń wí, ṣùgbọ́n kí ni àwọn fẹ́ fi ojú ayé ṣe? Ọkọ ìyàwó tí kò tíì ní ibùsùn tí òun àti ìyàwó yóò jọ sùn lé yóò háyà ọkọ̀ dúdú ńláńlá mẹ́rin tí yóò gbé òun rìn láti ilé dé gbọ̀ngàn, ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí ojú ayé kan náà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ óò rò pé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan ni, tó lówó, tó le, tí yóò jókòó sórí àga iwájú, tí yóò sì bínú dìde bí ẹran inú ọbẹ̀ bá kéré.

Wàyí o, Olóòtú, iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró níwájú. Gbogbo ènìyàn tó wà nínú gbọ̀ngàn kọjú síbì kan, èmi ni mo kọjú sí wọn, tí mo mú máìkì lọ́wọ́. Bí Ojú Ayé bá wá sí òde kan rí, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Mo ti wá a, mo wá a tì. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ní ìlà iwájú, àwọn àbúrò ìyá ìyàwó ń wo gèlè ara wọn, èyí tí tirẹ̀ ga jù lọ sì ń wá dígí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, tí kálukú gbé fóònù dojú kọ ara rẹ̀, tó ń ya fọ́tò ara rẹ̀, tó ń pa èyí tí kò dára rẹ́, tó tún ń ya òmíràn. Àwọn ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn tí àwọn tó ń pín oúnjẹ ń gbà jáde, wọ́n sì mọ iye tábìlì tí ìrẹsì ti dé ju bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ọkọ ìyàwó lọ. Ìyá àgbà ìyàwó ń tòògbé, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí mo sì ní kí wọ́n tún un ṣe nítorí pé àyà ẹnì kan kò kanlẹ̀, àwa tí à ń wò wọ́n kì í ju mẹ́rin lọ: èmi, bàbá ìyàwó, ayàwòrán tí a sanwó fún, àti ọmọdé kan tó ń retí ìgbà tí owó yóò jábọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan gbe ara mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa la mọ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó, èyí tó máa ń sọ pé ìdílé ọkọ rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà yín, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí àwọn já a. Òdòdó kan náà ni láti Ṣakí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́bìnrin tó ka lẹ́tà náà níwájú mi kà á títí dé ibi tí orúkọ ìyàwó wà, ó sì fi ohùn dídùn pe orúkọ ọmọbìnrin mìíràn, nítorí pé ẹni tí wọ́n sanwó fún láti kọ lẹ́tà náà kàn pààrọ̀ orúkọ lójú ìwé kìn-ín-ní ni, kò rántí ojú ìwé kejì. Àyà mi já. Mo ní ogun dé, mo sì ń wá orin tí n óò dá kí n fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Olóòtú, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìdílé ìyàwó fèsì pé àwọn ti gbọ́, inú àwọn sì dùn, àwọn fi òdòdó náà fún wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ àṣìpè náà ni ìyàwó, tó wà nínú yàrá tí a fi í pamọ́ sí, mo sì gbọ́ pé títí di òní olónìí, bí ìjà bá dé, ó ṣì ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè ta ni ọmọbìnrin yẹn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ló tilẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Orúkọ aṣọ náà sọ àwọn tí a dá a sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n lónìí, aládùúgbò, ará ibi iṣẹ́, oníbàárà ìyá ìyàwó àti ẹni tí a jọ kàwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a kò sì tíì rí láti ìgbà náà, gbogbo wọn ti di ẹbí bí a bá ti gbé léèsì dé láti ọjà aṣọ Gbági tí a sì fi èrè tiwa lé e. Ẹni tí kò bá rà á yóò jókòó sẹ́yìn, ẹran ọbẹ̀ tirẹ̀ yóò sì pòórá lójú ọ̀nà. Mo mọ obìnrin kan, olùkọ́ ni, tó ra mẹ́rin láàrin oṣù kan ṣoṣo. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n rí òun, kí wọ́n mọ̀ pé òun wá. Mo wò ó láti iwájú lọ́jọ́ náà, mo wá a títí, n kò rí i, nítorí pé igba obìnrin ló wọ léèsì aláwọ̀ omi òkun kan náà, tí wọ́n we gèlè aláwọ̀ ìyeyè kan náà. Ó san owó ńlá kí wọ́n lè rí i, aṣọ tó sì fi owó náà rà ni kò jẹ́ kí n dá a mọ̀.

Ti owó níná lójú agbo kò gbọdọ̀ gùn lẹ́nu mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ti wọ̀ ọ́. Òfin báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti 2007, ní abala rẹ̀ kọkànlélógún, sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà, tó ń jó lé e tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni a fi ń rẹ́rìn-ín òfin náà. Ní oṣù Kẹrin 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀, láìsí ààyè owó ìtanràn, àwọn ènìyàn sì wá ń wo ọ̀tún wo òsì kí wọ́n tó tẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i pé ojú kan ń wo ẹni tó ń náwó lóòótọ́. Ojú EFCC ni.

Ìgbà kejì tí mo rí ojú ayé, ó dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ bá àwọn bàbá wa àgbà gbé ilé yóò rántí ìtàn ìwọ̀fà, pé ẹni tó bá yáwó nítorí òkú tàbí nítorí ìyàwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, tí iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó jẹ́ èlé lásán, tí owó fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbọnin títí a ó fi san án. Bí ajigbèsè bá lágídí, olówó yóò rán ẹni tí yóò lọ dógò tì í, tí yóò jókòó sílé rẹ̀ láti àárọ̀, tí yóò máa bú u kí ará àdúgbò lè gbọ́, tí yóò sì máa pa adìẹ rẹ̀ jẹ. A ní ọ̀làjú ti dé, a kò fẹ́ irú ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ṣe alága ìdána rẹ̀ yá lára owó àsè náà lórí fóònù, níbi tí owó ti máa ń wọlé kí ènìyàn tó mu tíì tán, tí èlé rẹ̀ sì ń sáré ju ẹṣin lọ. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé sórí fóònù tèmi, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, pé ajigbèsè ni, pé kí gbogbo ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ fún un kó wá san owó olówó. Irú ìdójútini yìí wà lára ohun tó mú kí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ṣe ìlànà ní 2022 pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà wà, àwọn tó ń dójú tini náà ṣì wà. Gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ọmọ náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí, àwọn nọ́ńbà yẹn sì ni ó fi pè wá síbi ìnáwó. Àwa tí a wá jẹ ìrẹsì tí a kò wo ojú rẹ̀, gbogbo wa la ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà parí. Mo pè é láti tù ú nínú, ó ní, "Màmá, ẹ ò rí ayé!" N kò mọ ohun tí n óò fi dá a lóhùn. Àwọn àgbà ti wí pé aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ló ń jẹ tí kò mọ̀. Ti aláàárù tilẹ̀ sàn, òun nìkan ló jẹ búrẹ́dì rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn alárinà ayé àtijọ́, tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń ṣe òfófó, ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé etí àgbà: ṣé ìdílé náà kì í jẹ gbèsè, ṣé wọn kì í jalè, ṣé àrùn burúkú kò sí níbẹ̀? Lónìí, a ti gba ọ̀kan nínú rẹ̀ mú dáadáa. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí tó mọ ohun tó ń ṣe tí kì í bi àwọn ọmọ nípa jẹ́nótaìpù wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹkún àwọn òbí tó bí ọmọ aláàrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n n kò tíì pàdé ẹni tó bi ọkọ ìyàwó léèrè pé èló ló jẹ sílẹ̀, àti lọ́wọ́ ta ni. Bóyá ojú máa ń ti àwọn òbí láti bèèrè, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé àwọn gan-an ni wọ́n ní kó lọ wá a.

Ìgbà kan wà tí ìjọba fi òfin de ojú ayé, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí wọ́n ní àpéjọ kò gbọdọ̀ ju ogún ènìyàn lọ, mo ṣe alága ìdána kan nínú pálọ̀ bàbá ìyàwó. Kò sí onílù, kò sí aṣọ ẹbí, a kò sì ju méjìdínlógún lọ, pẹ̀lú ẹni tó se ọbẹ̀. Bí mo ṣe dìde pé kí n bẹ̀rẹ̀ ariwo tí mo mọ̀ ọ́n pa, ẹnu mi gbẹ. N kò lè gba owó bàbá gbọ́, nítorí pé bàbá jókòó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ọkọ ìyàwó, wọ́n sì ti gbọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin náà fẹ́ fi òrùka sí ìyàwó lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka fi bọ́ sábẹ́ àga, tí òun àti bàbá ìyàwó sì jọ kúnlẹ̀ wá a. Bàbá ló rí i. Wọ́n fi le e lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi, rọra." Láti ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí títí di ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kí bàbá ìyàwó bá ọkọ ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan rí tí kì í ṣe èyí tí mo fi máìkì sí wọn lẹ́nu pé kí wọ́n sọ.

Ṣé ẹ óò rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Ní ìparí 2021, ìyá ọkọ pè mí. Wọ́n ní èyí tí a ṣe nínú pálọ̀ yẹn, ojú ayé kò rí i, nítorí náà a óò tún un ṣe. A gba gbọ̀ngàn, a dá léèsì, a tún kó iṣu àti obì àti orógbó jọ. Nígbà tí mo de ojú ìyàwó tí mo ní kó wá ọkọ rẹ̀ láàrin àwọn ọkùnrin tó tò sílẹ̀, ọmọ wọn, tí àbúrò ìyàwó gbé lọ́wọ́, ti na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún pé kí wọ́n gbé òun fún un. Mo ti tọ́rọ ìyàwó fún oríṣiríṣi ọkùnrin, àmọ́ ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo tọ́rọ ìyá ọmọ lójú ọmọ.

N kò sọ pé ìfẹ́ kò sí nínú gbọ̀ngàn ńlá. Mo ti rí ọkọ tó rọra yọ bàtà ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ tábìlì nítorí pé ó ti ń ha á lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé àwọn wọ̀nyí yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n ojú kò ríbi wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí pé abẹ́ tábìlì ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ìfẹ́ wọn wà lórí tábìlì ni ìwé ìròyìn máa ń sọ fún wa nípa wọn nígbà tó bá yá, bí wọ́n bá dé kóòtù ìbílẹ̀ Mápó pé kí adájọ́ tú àwọn ká. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1970 lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tilẹ̀ sọ pé ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ti ìjọba kò lè pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ láàrin ọdún méjì àkọ́kọ́, àfi bí kóòtù bá fún un láyè. Mo rò pé ẹni tó ṣe òfin yẹn mọ̀ wá. Mo ní abọ́ ike kan nílé tí àwòrán tọkọtaya kan wà lára rẹ̀, ẹ̀bùn tí wọ́n pín lọ́jọ́ ìnáwó wọn. Wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ láti bí ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń bu omi ìwẹ̀ láàárọ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ike náà kò sì tíì sán.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ bá mi sọ fún bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn pé n kò bínú sí wọn, wọ́n sì lè dín owó ìṣílẹ̀kùn kù lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ tiwọn wá. Mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró níbí, nítorí pé télọ̀ mi ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ìdána kan lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ìyá ìyàwó sì ti ní dandan ni kí alága wọ aṣọ ẹbí, èyí tí mo ti gbà láwìn. Mo ní kí télọ̀ fi òkúta wínníwínní sí i lọ́rùn dáadáa. Ó bi mí pé, lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti gèlè àti máìkì, ta ló máa rí ọrùn aṣọ yẹn, Màmá? Mo ní kó máa rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alága Ìjókòó kan,
Ìbàdàn.